Ṣé fídíò tó láti kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe aago, àbí kí n wá ọ̀gá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá wa. Ọmọ ọdún 23 ni mí, Òṣogbo ni mò ń gbé. Orí fóònù ni mo ti wo bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ bátìrì àti okùn aago, mo sì ti ń ṣe é fún àwọn ará àdúgbò. Mo fẹ́ mọ iṣẹ́ náà dé gbòǹgbò, títí kan aago tí kì í lo bátìrì. Ṣé kí n lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá ni, àbí kí n máa kàwé? Irinṣẹ́ wo ni kí n kọ́kọ́ rà?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú aápọn. Lọ bá ọ̀gá, ṣùgbọ́n má ju ìwé sílẹ̀. Ọ̀gá ni yóò kọ́ ọwọ́ rẹ: bí a ṣe ń fi ẹ̀mú mú nǹkan tín-ń-tín tí kò fi ní ta nù, bí ìdè (súkúrù) ṣe máa ń ṣe lọ́wọ́ ẹni kó tó já. Fídíò kò lè fi ìyẹn yé ọ. Àmọ́ púpọ̀ nínú àwọn ọ̀gá ìgboro, bátìrì àti pípààrọ̀ odindi ẹ̀rọ inú aago ni wọ́n fi ń jẹun. N kò bá wọn wí, nítorí ẹ̀rọ tuntun sábà máa ń rọjú ju owó àtúnṣe lọ. Bí aago aláìníbátìrì bá wá dé, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á kán epo sí i, wọ́n á gbé e sétí. Ohun tó pa á lẹ́nu mọ́ gan-an kò yé wọn. Ibẹ̀ ni ìwé ti wúlò.

Wo ohun tó wà nínú aago aláìníbátìrì. Sípíríǹgì gígùn kan wà ní kíká sínú agolo kékeré. Òun lò ń ká mọ́ra nígbà tó o bá ń yí orí aago, ìyẹn bọ́tìnnì kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bó ṣe ń wá ọ̀nà àtitú ló ń yí àwọn wíìlì eléyín. Bí kò bá sí ohun tó ń dá a dúró, kíá ni gbogbo rẹ̀ á tú tán. Irin kékeré kan tó ní òkúta pupa méjì lẹ́nu ló ń dá wíìlì tó kẹ́yìn dúró, eyín kan ló sì ń jẹ́ kó kọjá lẹ́ẹ̀kan. Wíìlì mìíràn tó ń fì síwá sẹ́yìn ló ń darí irin náà, sípíríǹgì tó tín-ín-rín bí irun ló sì ń dá wíìlì yìí padà. Christiaan Huygens, ará Netherlands, ló gbé irú sípíríǹgì yẹn jáde ní 1675, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Robert Hooke ní Lọ́ńdọ̀nù jà á pé òun ló kọ́kọ́ rò ó. Ọ̀pọ̀ aago aláìníbátìrì òde òní máa ń lu ìgbà 21,600 tàbí 28,800 ní wákàtí kan, ìyẹn ìgbà 6 tàbí 8 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan.

Tí èyí bá yé ọ, wàá mọ ibi tó yẹ kó o kọ́kọ́ wò. Aago tó ṣàdédé ń sáré lọ́nà tó pọ̀, fura sí mágínẹ́ẹ̀tì. Àpò fóònù tàbí sípíkà lè ti fà á: sípíríǹgì bí irun náà á lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, á dà bíi pé ó kúrú sí i, fífì á sì yá. Ẹ̀rọ kékeré tó ń pa mágínẹ́ẹ̀tì lè yanjú rẹ̀ láìtú ìdè kan. Ẹni tí kò mọ̀ á tú aago náà palẹ̀ lásán.

Má fi aago oníbàárà kọ́ṣẹ́ o. Ra ẹ̀rọ aago àpò ńlá bíi ETA 6497, èyí tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, tàbí ẹ̀dà rẹ̀ tí Seagull ń ṣe ní Ṣáínà, tó rọjú. Ó fẹ̀ tó 36.6 mm, kò ní déètì, kò sì ní ohun tó ń ká a fúnra rẹ̀. Tú u, ya fọ́tò ìpele kọ̀ọ̀kan, kí o tò ó padà. Tún un ṣe títí o kò fi ní nílò fọ́tò mọ́. Kí o tó yọ irin olókùúta yẹn, di orí aago mú, ti ìkọ́ tó ń dá sípíríǹgì ńlá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí orí aago máa yí padà díẹ̀díẹ̀ láàárín ìka rẹ títí agbára rẹ̀ á fi tán. Ẹni tó bá fo èyí, gbogbo wíìlì á sáré lẹ́ẹ̀kan náà, eyín sì lè kán.

Epo aago nìkan ni kí o lò. Kín-ún ni o máa fi sínú òkúta tí ìdí wíìlì ń yí nínú rẹ̀. Má kán an sí sípíríǹgì bí irun, má kán an sí eyín àwọn wíìlì, má sì kán an sí ibi tí ìdí irin olókùúta wọlé sí.

Ní ti irinṣẹ́, ná owó sórí ẹ̀mú tó dára àti sukurudíráfà kéékèèké. Fi awò ojú, ohun tó ń di ẹ̀rọ mú àti rọ́bà tí a fi ń fẹ́ eruku kún un. Àpótí olówó pọ́ọ́kú tí irinṣẹ́ kún inú rẹ̀, fi í sílẹ̀.

Aago bátìrì ni yóò máa bọ́ ọ, nítorí náà kọ́ ọ dáadáa. Kírísítálì inú rẹ̀ máa ń gbọ̀n ní ìgbà 32,768 ní ìṣẹ́jú àáyá. Wọ́n pín in sí méjì lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó wá di ẹyọ kan. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, bí ọwọ́ ìṣẹ́jú àáyá bá ń fò mẹ́rin mẹ́rin, aago náà kò bàjẹ́. Bátìrì ló ń sọ pé òun fẹ́ tán. Bí bátìrì tuntun bá sì tètè kú, má kàn fi òmíràn sí i. Ó lè jẹ́ pé ìdọ̀tí mú kí àwọn wíìlì wúwo, tí ẹ̀rọ fi ń fa iná ju bó ṣe yẹ lọ.

Bí o bá fẹ́ ìwé ẹ̀rí lẹ́yìn náà, British Horological Institute, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ aago ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1858, ní ẹ̀kọ́ tí ènìyàn lè kọ́ láti òkèèrè. Ṣùgbọ́n kí o tó san owó ìkọ́ṣẹ́ fún ọ̀gá kankan nílé, ní kó jẹ́ kí o jókòó tì í lọ́jọ́ tó bá fẹ́ tú aago aláìníbátìrì. Bó bá ní irú rẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ òun, wá ẹlòmíràn.