Ẹ Ka Oògùn Kí Ẹ Tó Ná Owó

Ìbéèrè: Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo wà nínú ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù wa ní abúlé kan lẹ́yìn Ìsẹ́yìn. Ìjọba àpapọ̀ ń san owó fún ilé ìwòsàn alábọ́dé wa ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Oògùn la máa ń fi èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ rà, síbẹ̀ "kò sí" ni wọ́n ń sọ fún aláìsàn. Ibo lowó yìí ń gbà lọ?

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ ṣeun. Kí ẹ tó fura sí ẹnikẹ́ni, ẹ wọ yàrá oògùn ná. Nígbà tí wọ́n gbé mi lọ ṣe alábòójútó ilé ìwòsàn kan, páálí oògùn aràn méje ni mo bá lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ọjọ́ gbogbo wọn ti kọjá. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, ìyá kan gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná wá. A kò ní oògùn ibà ọmọdé kankan. Ó pọ̀n ọ́n padà sílé. Mi ò lè gbàgbé ojú ìyá yẹn. Kò sẹ́ni tó jí nǹkan. Ẹni tó ń ra oògùn ni kò mọ èyí tó ń tètè tán, torí kò sẹ́ni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Bin card, ìyẹn káádì tí a ń kọ iye oògùn sí, la so mọ́ oògùn kọ̀ọ̀kan: iye tó wọlé, iye tó jáde, iye tó kù. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì la ń kà á. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ máa tètè kọjá la ń tò síwájú, ì báà jẹ́ òun ló dé kẹ́yìn. Nígbà tí oṣù mẹ́ta fi pé, a ti mọ ohun tí wọ́ọ̀dù wa ń lò, òun náà la sì kọ sínú ètò ìnáwó.

Ti àjẹsára náà wà níbẹ̀. Ìgò kan BCG, ìyẹn àjẹsára ikọ́ ife, lè tó 20 ọmọ, ṣùgbọ́n tí a bá ti pò ó, wákàtí 6 péré ló ní, a ó sì da èyí tó bá kù nù. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n torí ìyẹn lé ìyá ọmọ kan padà o. Ẹni tó padà lè má wá mọ́. Ẹ mú ọjọ́ kan, kí ẹ̀yin ìgbìmọ̀ kéde rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì, kí ọmọ tó máa gbà á lè pọ̀ lọ́jọ́ náà.

Òfin Ìlera ti ọdún 2014 ló yà owó yìí sọ́tọ̀, ẹ̀tọ́ yín sì ni láti béèrè rẹ̀. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ètò ìnáwó tó ń bọ̀, ẹ ní kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ mú káádì oògùn ibà ọmọdé wá.