Ẹ jẹ́ kọ́mọ yín wọ ẹgbẹ́ nílé ìwé àgùdà, ṣùgbọ́n owó ẹgbẹ́ ò gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀

Ìyá wa tó kọ̀wé láti Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ kú ilé o, ẹ sì kú oríire ọmọ. Ẹ ní ọmọbìnrin yín ti yege CEP, ìdánwò ìparí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kọ́lẹ́ẹ̀jì àgùdà kan l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Benin níbí ti gbà á sí 6ème, kíláàsì àkọ́kọ́ (iye wọn ń lọ sẹ́yìn ni, terminale ni ìgbẹ̀yìn), internat, ìyẹn ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, ló sì máa wà. Ẹ wá ń béèrè pé ṣé chorale, ẹgbẹ́ akọrin, ni kó wọ̀ àbí JEC, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ onígbàgbọ́, àti pé ṣé òótọ́ ni pé ọmọ tí ò bá wọ ẹgbẹ́ kankan, wọ́n máa ń gé máàkì conduite (ìwà) ẹ̀. Màá dáhùn, àmọ́ ẹ fara balẹ̀ fún mi, torí ọ̀rọ̀ yìí dé ibi tó ń dùn mí. Ọmọ Kétu ni mí, mo lo ọdún mẹ́rin nínú irú internat bẹ́ẹ̀ l'Ájàṣẹ́. Mi ò ní dárúkọ ilé ìwé náà.

Wíwọ ẹgbẹ́ ò le rárá. Tí ilé ìwé bá ti wọlé tán, wọ́n á kéde lẹ́yìn Mísà, ọmọ á lọ kọ orúkọ ẹ̀, ó tán. Ẹ máa ra aṣọ ẹgbẹ́, ẹ béèrè iye ẹ̀ ṣáájú.

Ti owó ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́.

5ème ni mo wà nígbà tí ẹ̀gbọ́n kan tó wà ní 1ère fà mí wọ JEC. Ọ̀dọ̀ Cardijn ni wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, alúfáà ará Belgium tó dá ti àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1925. Ohun mẹ́ta ni: voir, juger, agir. Ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀ràn náà dáadáa, ẹ wá dájọ́ ẹ̀, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ ṣe nǹkan sí i. Ọ̀sán Ọjọ́rú la máa ń jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo bá wọn dá sí ni ti omi, torí àwọn ọmọ 6ème kì í rí omi wẹ̀ láàárọ̀, àwọn ńlá á ti gbé kòròbá síwájú. A fi ọ̀sẹ̀ kan wò ó, a ka iye kòròbá, a bi àwọn ńlá náà pé kí ló dé, àṣé wákàtí kan náà ni gbogbo dortoir (yàrá tá a ń sùn) ń jí. A bá pín aago. Ìjà omi parí. Mi ò tíì pé ọmọ ọdún 13, mo rí i lójú ara mi pé ọmọdé lè tún ilé ṣe. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní sọ fún yín láéláé pé kí ọmọ yín má wọ ẹgbẹ́.

Nígbà tí mo dé 4ème wọ́n fi mí ṣe akápò, wọ́n ní ìkọ̀wé mi mọ́. Oṣù May ni oṣù Màríà, a wá ní ká lọ sí Ìdáàṣà, síbi ihò àpáta Arigbo tí wọ́n ti ń gbàdúrà sí Màríà. Ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n ju èmi lọ, ẹ̀yìnkùlé yín ni. Oṣù August ni gbogbo Benin máa ń rọ́ lọ síbẹ̀, àmọ́ àwa ti wà nínú ọlidé nígbà yẹn, la fi mú May. Láti Àjàṣẹ́ ó lé ní 200 kìlómítà, bọ́ọ̀sì la ní láti yá. Àwa 46, 3,500 séfà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, 161,000 nìyẹn. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń san án, òmíì 500, òmíì 200, ọmọ kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé ẹyọ 25 ló fi san gbogbo tiẹ̀, mo jókòó kà á lórí bẹ́ẹ̀dì títí aago fi dún. Inú gèlè ìyá mi ni mo ń di owó náà sí, nísàlẹ̀ àpótí irin mi.

Olùdarí ẹgbẹ́ wa, àgbàlagbà ni, olùkọ́ ni, ó ní kí n mú àsansílẹ̀ bọ́ọ̀sì wá. Mo fún un ní 50,000 lọ́jọ́ Ajé. Lọ́jọ́bọ̀ ó ní awakọ̀ fẹ́ kún un, mo tún fún un ní 30,000 lẹ́nu ọ̀nà ṣápẹ́ẹ̀lì. Mo kọ méjèèjì sínú ìwé mi. Kò fọwọ́ sí i, èmi náà ò ní kó fọwọ́ sí i, báwo ni ọmọ 4ème ṣe máa sọ fún olùkọ́ pé kó wá fọwọ́ síwèé kí òun tó fún un lówó? Ta ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀ nílé?

Ọ̀sẹ̀ tó kù ká lọ, économe, ẹni tó ń tọ́jú owó ilé ìwé, ní kí n wá ro owó. Mo gbé 81,000 sílẹ̀ lórí tábìlì ẹ̀, mo ní 80 ti lọ fún bọ́ọ̀sì. Ó pe olùdarí. Olùdarí ní 50 lòun gbà. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni ń sọ pé òjò máa rọ̀. 30,000 ò sí. Mo ṣí ìwé mi fún wọn. Surveillant, ẹni tó ń mójú tó ìwà àwọn ọmọ, wo ojú ewé náà, ó ní èmi ni mo kọ ọ́, mo lè kọ ohun tó wù mí. Kò bi mí pé ọjọ́ wo ni, níbo ni, ta ló wà níbẹ̀. Kò rán ẹnikẹ́ni sí awakọ̀, bẹ́ẹ̀ ibùdókọ̀ tí awakọ̀ náà wà, zémì (ọ̀kadà) á gbé èèyàn débẹ̀ kí omi tó hó lórí iná.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, nídìí àsíá, lójú gbogbo ilé ìwé láti 6ème dé terminale, surveillant pe orúkọ mi, ó ní kí n jáde síwájú. Ó ní ẹ wo akápò tó jí owó Màríà. Owó Màríà. Mo ti di ìyá ọmọ báyìí, tí mo bá gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì yẹn papọ̀ àyà mi ṣì máa ń já.

Wọ́n ránṣẹ́ sí bàbá mi. Ó kúrò ní Kétu kílẹ̀ tó mọ́, ó gba Ìpóbẹ̀, ó gba Ṣakétẹ́, owó àgbàdo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tà ló wà lápò ẹ̀. Aago 9 ló dé, wọ́n ní kó dúró ní fàrańdà, aago 1 kọjá kí wọ́n tó pè é wọlé. Kò sẹ́ni tó fún un lómi. Bàbá mi ò mọ ẹni tó yẹ kó bi, torí nígbà tiẹ̀, ìjọba Ààrẹ Kérékou ti gba àwọn ilé ìwé àgùdà, ìgbà tí Àpérò Orílẹ̀-èdè ọdún 1990 kọjá ni wọ́n ń dá wọn padà fún ṣọ́ọ̀ṣì. Lójú tiẹ̀, bí wọ́n bá ti wí ló rí. Ó bi mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé, "Ṣé o mú un?" Mo ní rárá. Ó ní ó dáa. Ó wá san 30,000. Nígbà tó ń lọ ló sọ fún surveillant pé, "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà." Ìyẹn ní kó má fi òwe dí òun lọ́wọ́.

Wọ́n lọ sí Ìdáàṣà láìsí mi. Aago 4 ìdájí ni bọ́ọ̀sì gbéra, mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kọrin Màríà títí ohùn wọn fi wọnú ariwo ẹ́ńjìnnì lọ. Èmi ni mo ka owó wọn láti ẹyọ 25.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ìyẹn ni awakọ̀ wá gba ìyókù owó ẹ̀. 120,000 ni bọ́ọ̀sì. Économe ka 70,000 fún un. Awakọ̀ yẹn, Ọlọ́run má gbàgbé ẹ̀, ó ti 30 padà, ó ní 40 ló kù, ẹ ti fún mi ní 80. Ó yọ ìwé kékeré kan lápò: ọjọ́ Ajé 50, Ọjọ́bọ̀ 30, olùdarí wa fọwọ́ sí méjèèjì fúnra ẹ̀. Olùdarí ní òun gbàgbé. Mo gbà pé ó gbàgbé, òtítọ́ ni mo sọ yẹn. Àwọn tó kù ni mi ò rí ojú rere wò. Àwọn tó ń kọ́ wa lọ́jọọjọ́rú pé ká wò ká tó dájọ́, wọ́n dájọ́ kí wọ́n tó wò.

Ṣé ẹ rò pé ó parí síbẹ̀? Bulletin, ìwé èsì wa, ò tíì jáde, ó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n ti fún mi ní 05 nínú 20 fún conduite. Mo lọ bẹ surveillant pé kó tún un ṣe. Ó ní conseil, ìyẹn ìpàdé àwọn olùkọ́, ló kọ ọ́, conseil nìkan ló lè pa á rẹ́, conseil ò sì ní jókòó mọ́ títí ilé ìwé á fi wọlé padà. Ìwé tó fi ọjọ́ kan kọ! Ní ti 30,000, wọ́n ní àwọn á yọ ọ́ nínú owó ilé ìwé ọdún tó ń bọ̀. Bàbá mi kọ̀, ìrìn mẹ́ta ló rìn láti Kétu kí wọ́n tó kà á sí i lọ́wọ́, owó mọ́tò ìrìn mẹ́ta náà ńkọ́? Àti pé ìta gbangba ni wọ́n ti pè mí lólè, inú bùrò tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn ẹ̀ ni wọ́n ti sọ pé mi ò jalè. Títí mo fi kúrò níbẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ nídìí àsíá.

Bàbá mi wá ní mi ò gbọdọ̀ wọ ẹgbẹ́ kankan mọ́. Odindi 3ème, ọ̀sán Ọjọ́rú, àwọn ẹgbẹ́ mi wà lábẹ́ igi, èmi wà nínú dortoir. Ìyẹn gan-an tún dùn mí ju 05 lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe èyí fún ọmọ yín.

Torí náà, owó ẹgbẹ́, ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ san án fún économe, kẹ́ ẹ gba reçu (rìsíìtì) tó ní òǹtẹ̀. Ẹ má fi rán ọmọ. Tí wọ́n bá ní kó ṣe akápò, kó gbà á, iṣẹ́ tó dáa ni, àmọ́ ìwé ló máa wà lọ́wọ́ ẹ̀, owó á wà lọ́dọ̀ économe, gbogbo owó tó bá jáde ẹni méjì á fọwọ́ sí i, ẹni tó gbà á á jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ì báà jẹ́ Mon Père (Fadá) ì báà jẹ́ Ma Sœur (Sista). Ní ìpàdé àwọn òbí, ẹ dìde kẹ́ ẹ béèrè ta ló ń tọ́jú owó àwọn ẹgbẹ́. Wọ́n máa wò yín bí ẹni pé ẹ bú wọn. Ẹ tún un béèrè.

Ìrìn-àjò náà, ẹ gba ìwé tó sọ aago tí wọ́n á lọ àti aago tí wọ́n á dé. Mi ò fẹ́ràn ìdájí yẹn rárá. Ọ̀nà Ìdáàṣà yẹn náà ni àwọn ọkọ̀ ẹrù ńlá ń gbà lọ sí Parakou, ẹ̀yin náà ń rí wọn lójoojúmọ́.

Ohun kan tún nìyí. Lọ́jọ́ àṣà, tí kíláàsì kọ̀ọ̀kan máa ń gbé ti ìlú ẹ̀ jáde, àwa ọmọ Kétu ní a fẹ́ jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, wọ́n ní ká kọrin ẹ̀ ṣùgbọ́n ká má gbé ère igi ẹ̀ sórí. Ohun tí UNESCO ti kéde fún gbogbo ayé ní 2001! Tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí ọmọ yín, kó kọ orin náà, àmọ́ ẹ sọ fún un nílé pé kì í ṣe ohun ìtìjú.

Ẹ má bínú, mo ti lọ jìnnà sí ohun tẹ́ ẹ bi mí. Chorale ni kó wọ̀ ní 6ème, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo rí ọmọ tó wà nínú mẹ́ta tí kò rí 8 mú ní trimestre (tẹ́ẹ̀mù) àkọ́kọ́. L'Ájàṣẹ́ wọ́n ń kọ adjogan ní ṣọ́ọ̀ṣì, orin ààfin ọba ni tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú alounloun, ọ̀pá tí wọ́n fi irin kọ́ lára tó ń dún bí wọ́n bá ti ń mì ín. Ọmọ tí kò gbọ́ Gùn, èdè Àjàṣẹ́, á tipa orin gbọ́ ọ, kò ní dá wà, torí alẹ́ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ní internat gùn. Kó fi JEC dúró de 4ème, ìgbà yẹn á ti lè sọ̀rọ̀ láwùjọ.

Ti conduite, nígbà tiwa wọn ò gé máàkì ẹnikẹ́ni torí pé kò wọ ẹgbẹ́. Pípẹ́ dé, ariwo lásìkò étude (ìwé kíkà), ìyẹn ni wọ́n ń gé e fún. Àmọ́ ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu, títí kan tèmi náà. Règlement intérieur, ìwé òfin ilé ìwé, wà, wọ́n máa ní kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá lọ kọ orúkọ ẹ̀. Ẹ má fọwọ́ sí i lórí ìdúró. Ẹ ya fọ́tò ojú ewé tó bá sọ̀rọ̀ nípa ẹgbẹ́ àti conduite, ẹ fi síbí, mo máa bá yín kà á.