Ìdí tí iná iwájú mọ́tò yín fi tún pọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹ fi ọṣẹ ìfọyín fọ iná iwájú Camry yín, ó mọ́ dáadáa, àmọ́ kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tó tún fi pọ́n. Ohun tó ṣe èmi náà nìyẹn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí mi.

Corolla 2005 tòkúnbọ̀ ni tèmi. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ń ti Ìjẹ̀bú-Òde bọ̀ ní Ìbàdàn, tírélà kan dúró sójú títì, kò tanná, wọn ò já ewé sẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà tí mo fi máa rí i, ó ku díẹ̀ kí n wọ abẹ́ rẹ̀. Ìyàwó mi ló jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Gílóòbù ni mo kọ́kọ́ pààrọ̀, kò yí nǹkan kan padà, torí ike ojú iná tó ti ṣú yẹn ló ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká. Mo lo ọṣẹ ìfọyín bíi tiyín. Mo tún sanwó fún ẹnì kan lẹ́bàá ọ̀nà, ó fi pépà tí wọ́n fi ń ha nǹkan (sandpaper) ha á, ó fi rọ́bìn, ìpara tí wọ́n fi ń dán ọ̀dà mọ́tò, pa á, ó ń dán bíi tuntun. Kò tó oṣù mẹ́rin tó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Pẹ́ńtà kan ló là mí lójú. Iná Peugeot 504 àtijọ́, gíláàsì gidi ni, ìdí nìyẹn tí kì í fi í pọ́n. Ti àwọn mọ́tò wa yìí, ike pólíkábọ́nétì ni. Láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti fi ohun kan bo ojú rẹ̀ kí oòrùn má bàa rí i jẹ. Ìbòrí yẹn ló ń gbó, òun ló ń pọ́n. Bí ẹ bá ha á kúrò, ẹ ti bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn ike nìyẹn. Bí ẹ ò bá wọ òmíràn fún un, ìhòòhò ló máa wà nínú oòrùn.

Ẹ lẹ tépù yí iná náà ká kí pépà má bàa ha ọ̀dà mọ́tò. Ẹ rẹ pépà olómi sínú omi: nọ́ńbà 800, 1000, 1500, ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Omi kò gbọdọ̀ gbẹ lójú rẹ̀. Ẹ máa wo omi tó ń ṣàn wálẹ̀: yóò kọ́kọ́ pọ́n bí omi ògì àgbàdo pupa. Ẹ má dúró. Ìgbà tó bá funfun bí omi ògì funfun ni ìbòrí àtijọ́ tó tán. Igun òkè ló máa ń le jù, torí ibẹ̀ ni oòrùn ti ń pa á jù. Bí ẹ bá fi díẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, abẹ́ kílíà, ìyẹn ọ̀dà tí kò ní àwọ̀ tí ẹ máa fi ṣe ìbòrí tuntun, ni yóò ti máa hàn.

Lẹ́yìn 1500, ojú rẹ̀ á ṣú pátápátá. Àyà mi já nígbà tí mo rí i, àmọ́ kò bàjẹ́ o, kílíà ló máa dí ojú ibi tí pépà ha. Ẹ má fi rọ́bìn pa á kí ẹ tó fín kílíà, kò ní jẹ́ kó lẹ̀. Ẹ má sì fi tínà tàbí pẹtiróòlù nù ún, ike náà á sán wẹ́wẹ́. Ọṣẹ àti omi tó, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó gbẹ.

Kílíà tí wọ́n ń po mọ́ hádínà, èyí tó ń mú kó le, ni mo lò, ó fẹ́lẹ́, lẹ́ẹ̀mejì. Mo kọ́kọ́ ṣe é lọ́jọ́ tí òjò ṣú, ọ̀rinrin mú kó funfun bí ẹ̀kọ mímu, mo sì tún gbogbo rẹ̀ ha. Àárọ̀ tí oòrùn ti mú, tí atẹ́gùn ò fẹ́, ló dáa. Hádínà yẹn burú fún ẹ̀dọ̀fóró gan-an, aṣọ ìbòmú lásán kò lè dá a dúró. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ ò bá ní ìbòmú àwọn pẹ́ńtà, ẹ sanwó kí pẹ́ńtà bá yín fín in.

Tèmi ti lé lọ́dún méjì báyìí, inú oòrùn ni mo sì ń gbé mọ́tò sí níbi iṣẹ́. Kí ẹ tó ra pépà, ẹ ti ìka bọ omi, kí ẹ fi pa ojú iná yín. Bí ibi tí omi kàn bá mọ́ díẹ̀, ìta ni ìdọ̀tí wà. Bí kò bá yí padà, tàbí tí ẹ rí omi tó ń kán nínú rẹ̀, inú ló wà, pépà kò sì lè débẹ̀.