Èsì: Ṣé kí n ra tábìlì bar billiards àtijọ́ tí wọ́n tún ṣe?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ṣé pálọ̀ yín ní Kent á gba tábìlì bar billiards ilé ọtí àtijọ́ (eré tí wọ́n ti ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọn ihò ojú tábìlì), àti pé ṣé kí ẹ yọ ẹ̀rọ tó ń gba owó kúrò lára rẹ̀.

Á gbà á. Snooker ló ń fẹ́ àyè yí ká. Iwájú nìkan lèèyàn ti ń gbá èyí, ẹ lè fẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri. Ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí àwọn ilé ọtí Gẹ̀ẹ́sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ láti àwọn ọdún 1930.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ẹ̀rọ yẹn! Òun gan-an ni adùn eré náà. Bí àkókò tí owó tẹ́ ẹ fi sínú rẹ̀ rà bá tó, irin kan á já sílẹ̀ nínú, bọ́ọ̀lù tó bá wọ ihò ò ní padà wá mọ́. Ìgbà yẹn ni ọwọ́ máa ń gbọ̀n, torí ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ bá gbá ọ̀pá kékeré dúdú tó dúró níwájú ihò tó ní máàkì 200 ṣubú, gbogbo máàkì rẹ̀ ti wọgbó nìyẹn. (Ti funfun sàn díẹ̀: máàkì ìgbà tó ń gbá lọ́wọ́ nìkan ló máa pàdánù.) Tó bá jẹ́ owó ẹyọ àtijọ́ ló ń gbà, ẹ ní kí ẹni tó tà á fi díẹ̀ lára owó ẹyọ náà kún un.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ rọra yí bọ́ọ̀lù kan lórí rẹ̀. Tó bá ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ ní kí wọ́n tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe kó tẹ́jú. Òkúta sílétì ló sábà máa ń wà lábẹ́ aṣọ rẹ̀, ó wúwo gan-an, ẹ wá géńdé tó máa gbé e. Ẹ má gbé e sí gáréèjì tó lọ́rinrin.