Èsì: Thunderjaw ń pa mí ṣáá nínú Horizon Zero Dawn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní gbogbo ọfà yín ló ń tán sára Thunderjaw, ẹranko onírin ràgàjì inú géèmù yẹn, tó sì tún ń pa yín, ọfà lásán ò ràn án o! Ẹ tan Focus, ẹ̀rọ ayẹ̀wò yẹn, kẹ́ẹ fi yẹ ara Thunderjaw wò, Disc Launcher méjì, ìyẹn ohun ìjà tó fi ń yìnbọn, wà lẹ́yìn ẹ̀, Tearblast, ọfà tó ń já ẹ̀yà ara ẹ̀ dànù, ni kẹ́ẹ ta mọ́ ọn látinú ọrun tí wọ́n ń pè ní Sharpshot Bow, tí ọ̀kan bá ti já bọ́ báyìí ẹ sáré gbé e, kẹ́ẹ fi ohun ìjà ẹ̀ náà dá sẹ̀ríà fún un, ó máa ń dùn mọ́ mi nínú jọ! Ropecaster, ohun ìjà tó ń ta okùn, náà dáa, ẹ fi dè é mọ́lẹ̀ ná torí ìrù ẹ̀ yẹn ò dáa rárá. Àti pé, Surulere la wà o, ẹ séèfù kẹ́ẹ tó lọ bá a, tí wọ́n bá mú iná lọ láàárín ìjà ẹ ti wọ gàù nìyẹn.