Sí ìyá tí wọ́n ní kó dúró títí ọmọ rẹ̀ yóò fi pé ọdún márùn-ún

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ìyá Ìkókó. Ẹ ní ọmọkùnrin yín ti pé oṣù mẹ́sàn-án, kóró ẹpọ̀n rẹ̀ ti ọ̀tún kò tíì sọ̀kalẹ̀ sínú àpò rẹ̀, nọ́ọ̀sì ní kí ẹ dúró di ọdún márùn-ún, ẹ sì ń bèèrè bóyá oògùn akunnilóorun kò ní pa á lára bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ fún un báyìí. Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dá lóhùn, nítorí irú rẹ̀ ni wọ́n fi dá àwa náà dúró.

Ní ilé ìwòsàn tí a ń gbé ọmọ wa lọ, dókítà a máa kọ̀wé láìtú ìlédìí rẹ̀ wò, a sì ní, "Yóò sọ̀kalẹ̀ tó bá yá." Nígbà tó yá, wọ́n ní ká lọ ya àwòrán inú ikùn, a yà á, wọ́n ní kò hàn, ká tún un yà níbòmíràn. Owó ń lọ, ọmọ ń dàgbà. Ó ti wọ iléèwé kí oníṣẹ́ abẹ ọmọdé kan tó fi ìka méjì tẹ ibi tí itan ti pàdé ikùn, tó sì bá kóró náà níbẹ̀ láìwo àwòrán kankan. Nígbà tí wọ́n là á, kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Inú ṣì ń bí mi.

Nínú 100 ọmọkùnrin tí oṣù wọn pé kí wọ́n tó bí wọn, bíi mẹ́ta ni a ń bí tí kóró ẹpọ̀n wọn kò tíì sọ̀kalẹ̀, àwọn tí oṣù wọn kò pé sì pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó pọ̀ jù ń sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan, ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ó ṣọ̀wọ́n. Ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹ̀yà ìtọ̀ ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2014 ni pé kí a fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ han oníṣẹ́ abẹ ní oṣù mẹ́fà, kí a ṣe iṣẹ́ abẹ náà láàárín ọdún kan sí i, kí a má sì fi àwòrán dá a dúró.

Ooru inú ara ló ń ba kóró náà jẹ́, tí àtọ̀ fi ń dínkù lọ́jọ́ iwájú. Ewu jẹjẹrẹ kóró ẹpọ̀n tún wà níbẹ̀: ìwádìí kan tó jáde ní 2007 ní Sweden fi hàn pé ewu rẹ̀ tó ìlọ́po méjì ti àwọn ọkùnrin yòókù fún àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ kí wọ́n tó pé ọdún 13, ó sì lé ní ìlọ́po márùn-ún fún àwọn tó ṣe é lẹ́yìn náà. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá bàlágà, ẹ kọ́ ọ kí ó máa fọwọ́ yẹ ẹpọ̀n rẹ̀ wò nígbà tó bá ń wẹ̀, bí kókó líle kan bá wà níbẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ìyá àgbà kankan fi aṣọ gbígbóná jó o kó lè sọ̀kalẹ̀. Bí ibẹ̀ bá wú lójijì, tí ọmọ ń ké, tó ń bì, kóró náà lè ti lọ́. Ẹ gbé e dé ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ojú ihò ìtọ̀ ọmọ rẹ̀ kò bá sí ní ṣóńṣó orí okó, kó má tíì dábẹ́ fún un, nítorí oníṣẹ́ abẹ lè nílò awọ yẹn.

Ní ti oorun tí ẹ bèèrè, ọjọ́ orí rẹ̀ kò kéré jù, bí ẹni tó mọ̀ nípa ìkókó bá ń fún un lóògùn náà. Ẹ béèrè ẹni tí yóò fún un kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ sì dá ọmú dúró fún wákàtí mẹ́rin ṣáájú, àyàfi bí wọ́n bá sọ pé kó jù bẹ́ẹ̀ lọ.