Ṣé lóòótọ́ ni wúrà ń bí àìsàn lọ́dọ̀ àwọn Yanomami?

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní ẹ gbọ́ pé àwọn Yanomami, tí wọ́n ń gbé inú igbó Amazon ní ààlà Brazil àti Venezuela, gbà pé ẹni tó bá hú wúrà ló hú àjàkálẹ̀ àrùn, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá àlọ́ lásán ni.

Ìgbàgbọ́ wọn ni, wọn ò sì fi ṣeré. Omama, ẹlẹ́dàá wọn, ló ri wúrà mọ́lẹ̀ níbi tó tutù, kó má baà pa èèyàn lára. Bí wọ́n bá hú u, tí iná rà á, èéfín burúkú tí wọ́n ń pè ní xawara a jáde, a sì máa jẹ èèyàn. Ojú lásán kò rí i. Awo tó bá ti fín yãkoana, ìyẹ̀fun tí wọ́n ń ṣe láti ara igi, símú ló ń rí i, òun àti àwọn ẹ̀mí igbó, àwọn xapiri, ni wọ́n sì jọ ń gbógun tì í. Ọjọ́ tí awo bá tán nílẹ̀, ojú ọ̀run á wó. Ó sì ti wó rí: ojú ọ̀run àtijọ́ yẹn, Hutukara, ló di ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ yìí. Orúkọ yẹn ni wọ́n fi sọ ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2004, tí Davi Kopenawa, awo àti agbẹnusọ wọn, jẹ́ olórí rẹ̀. Èéyi tó tẹ̀ lé àwọn míṣọ́nnárì wọlé ló pa ìyá Kopenawa nígbà tó ṣì kéré. Ọ̀rọ̀ àjàkálẹ̀ àrùn kì í ṣe àgbọ́sọ lẹ́nu tiẹ̀.

Èmi ò rí ibi tí èyí ti jìnnà sí ohun tí àwọn dókítà ń sọ. Mákúrì, irin tó ń ṣàn bí omi, ni àwọn awakùsà fi ń kó eruku wúrà jọ. Wọ́n á wá yan án lórí iná kí mákúrì lè kúrò lára rẹ̀: èéfín gidi nìyẹn. Èyí tó kù ń ṣàn sínú odò Uraricoera àti Mucajaí. Ẹja kékeré jẹ ẹ́, ẹja ńlá jẹ ẹja kékeré, aboyún jẹ ẹja ńlá, ọpọlọ ọmọ inú rẹ̀ ló wá ń jìyà rẹ̀. Kòtò tí wọ́n gbẹ́ sílẹ̀ a gbomi dúró, ẹ̀fọn a pamọ síbẹ̀, ibà a gbòde. Ẹni tí ibà dá dùbúlẹ̀ kò lè dáko ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò lè ṣọdẹ, ni ebi bá dé. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí títí ìjọba Lula, ààrẹ Brazil, fi kéde pàjáwìrì lórí ìlera wọn ní oṣù kìíní 2023, bẹ́ẹ̀ láti 1992 ni ìjọba ti fọwọ́ sí i pé tiwọn ni ilẹ̀ náà, tó lé ní hẹ́kítà mílíọ̀nù 9.

Ẹ má rò pé irin lọ̀tá wọn o. Wọ́n ń lo àdá, ìwọ̀ ẹja, ìkòkò irin, àní rédíò ni wọ́n fi ń ké gbàjarè nígbà tí awakùsà bá ya wọlé. Títú ilẹ̀ nídìí ni wọ́n kọ̀. Urihi, ilẹ̀ òun igbó pọ̀, ń mí lójú wọn. Bí wọ́n bá bẹ́ igi rẹ̀, ó ń dùn ún. Nígbà tí ìjọba Bolsonaro, ààrẹ Brazil nígbà náà, gbé àbá òfin lọ sílé aṣòfin ní 2020, pé kí wọ́n máa wa kùsà lórí ilẹ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ bíi tiwọn kí wọ́n sì máa fún àwọn onílẹ̀ lówó lórí rẹ̀, Kopenawa kò bá wọn dúnàádúrà rárá.